Omi Náà Tó

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Oyèwálé,
Ọ̀nà Òkúkù,
Inísà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Fákáyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ara ńkọ́? Ìyá Motọ́láyọ̀ ńkọ́, àti orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n nígbà òjò? Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Mìnà, bí àwa náà ṣe wà níbí. Ẹ̀yìn mi nìkan ni kò fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsinsìnyí gan-an ni mo ń bẹ̀rẹ̀ ju ti ìgbà èwe mi lọ. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà. Ìjẹta la ṣì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí a rẹ́rìn-ín títí kírẹ́díìtì fi tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè ọ́ nítorí rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin, bí mo bá ti dárúkọ rẹ báyìí, iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Mìnà ni mo máa ń béèrè. Ìwọ fúnra rẹ bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ kí n máa ta iṣu ni. Rárá o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Jọ̀ọ́, wá awò ojú rẹ, jókòó, kí o sì fúnra rẹ ka ìwé yìí. Má fún Motọ́láyọ̀ pé kó bá ọ kà á.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé mo kú nínú oṣù Kẹjọ. Má pariwo, inú fíìmù ni mo ti kú. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adétóun, ọmọ Òkúkù yín níbẹ̀ ni, fíìmù ló ń ṣe ní Òṣogbo, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, pósí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kàn." Mo ní Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ó dáa, báwo ni òkú náà ṣe ga tó? Ó ní, "Ó wà nínú mọ́tò níta, sà, ó ń jẹ gúgúrú."

Ẹni tó ń jẹ gúgúrú náà ni Olúwajùwọ́n, òṣèré aláwàdà kan tó ga bí òpó iná. Òun ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sínú pósí. Adétóun ní kí n fa téèpù yọ, kí n wọ̀n ọ́n. Fáká, ìwọ náà mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. A kì í fi téèpù wọn alààyè nítorí pósí. Ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi àti ìwọ fi ṣeré bẹ́ẹ̀ ní Ìkìrun nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, bí ọ̀gá wa ṣe gbé igi lé wa yí ṣọ́ọ̀bù ká? Mo ní mi ò ní fi téèpù kan ara ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀, mo dúró tì í, mo fi ojú wọ̀n ọ́n, mo sì lọ kàn án. Pákó gidi ni mo lò, mo fi pọ́líìṣì sí i títí tó fi ń dán. Nígbà tí a gbé e dé Òkúkù, tí Olúwajùwọ́n dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta láti orúnkún. Ojú tì mí. Ara mi ni mo ń wò tì í, ara mi náà ni mo sì kan pósí fún.

Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ìyá Olúwajùwọ́n pè é láti Ẹdẹ. Wọ́n ní wòlíì ìjọ wọn ti rí i nínú àpótí, wọ́n ní pósí tó kọ̀ ọ́ yẹn, àmì ni. Kó tó di pé a mọ ohun tí a máa sọ, ọmọkùnrin ti di ẹrù rẹ̀, ó ti wọkọ̀. Adétóun jókòó sórí pósí, ó bú sẹ́kún, torí pé ọjọ́ mẹ́fà péré ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo pósí, ó ní, "Dádì, ẹ dákun, ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ wò." Mo dùbúlẹ̀. Ó gbà mí rẹ́gí. Bí mo ṣe di òṣèré nìyẹn lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn fíìmù náà fún ọ, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ọkùnrin kan kú, ó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Géètì ilé ìwé kan ní Òkúkù ni wọ́n kùn ní funfun tó di ọ̀run. Màmá Keziah ló ń ṣọ́ géètì náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n fi awò dúdú sójú, wọ́n jókòó bí ẹni tí ọ̀run jẹ́ ti bàbá wọn. Wọ́n dá ọkùnrin náà dúró, wọ́n ní, "Ẹrù tó wà lórí rẹ yìí, ti ta ni?" Ó ní òun ò ru ẹrù kankan. Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí ẹrù náà, òun nìkan ni kò rí i. Wọ́n ní, "Ti ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ìwọ lo ṣẹ̀, òun ni wọ́n dá lẹ́bi. Pa dà lọ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ méje ni mo fún ọ."

Ni ọkùnrin náà bá di iwin, ó pa dà wálé. Ọ̀rẹ́ yìí nìkan ló lè rí i, àti ewúrẹ́ kan. Ìyà tí ewúrẹ́ yẹn fi jẹ mí, ẹnu kò lè sọ ọ́, ó jẹ etí aṣọ òkú mi níṣojú gbogbo èèyàn. Ohun tó sì ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù ni pé, nígbàkígbà tí iwin bá la ẹnu láti jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń bọ́ síta. Á yin fìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Á béèrè àwọn ọmọ. O ti mọ ibi tí iṣu Mìnà ti wá báyìí.

Ọjọ́ kẹrin la ṣe ibi tí iwin ti jẹ́wọ́. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gunfúnmi ló ṣe ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní kó jókòó sábẹ́ igi, kó máa lẹ táyà kẹ̀kẹ́, kí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi á wá jókòó tì í, màá sì sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é. Ìwọ kọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáká, mi ò lè sọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mo wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní "Ẹ kú iṣẹ́." Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde. Adétóun ń sọ pé, "Dádì, gbólóhùn méjì péré ni," ó rò pé mo gbàgbé ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, Ṣẹ́gunfúnmi gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ elépo náà nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó wò mí, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe gan-an nígbà tí mo bá bá ọ nídìí ọ̀kadà tí ò ń tún ṣe. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Fáká, èmi ni mo dá iná yẹn. Ìwọ kọ́."

Màmá Keziah bọ́ awò dúdú wọn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àṣé òṣèré wà ní Inísà. Adétóun sáré wá dì mọ́ mi. Ìgbà tó tú mi sílẹ̀ ló wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Dádì, ta ni Fáká? Iná wo?"

Iná wo? Iná ọ̀gá wa ni, Fákáyọ̀dé. Iná oṣù Keje ọdún 1992.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ báyìí bó ṣe rí, láì yọ ohunkóhun kúrò. Ọjọ́ náà, ìwọ ni iná gọ́ọ̀mù kàn. O se gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ pákó lábẹ́ páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó jinná o fa igi iná yọ, o da omi sí i, o tún bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Lẹ́yìn náà lo bá mọ́tò lọ gbé pákó, ọ̀gá sì lọ síbi ìkómọ. Ó ku èmi nìkan. Ebi ń pa mí. Mo ní àgbàdo tútù méjì nínú àpò mi. Mo lọ síbi iná tó o pa, mo gbọ́n yẹ̀pẹ̀ kúrò, mo kó èérún pákó gbígbẹ sí i, mo ṣáná, mo sì tún iná náà dá. Mo gbé àgbàdo lé e.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Àpèkẹ́ fi kọjá lójú títì. Ìgbà yẹn, kò tíì dá mi lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo dìde, mo bá a rìn dé orígun. Mo ní kò ní pẹ́. Ó pẹ́. Nígbà tí mo máa yíjú pa dà, èéfín ti bo òrùlé. O mọ ìyókù. Bẹ́ǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀gá ti kàn tán fún ìjọ Aládùúrà ní Ìbà jóná, ibùsùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pọ́líìṣì pa jóná, ayùn, ìfági, gbogbo ohun tí ọ̀gá jogún lọ́wọ́ bàbá wọn.

Nígbà tí ọ̀gá dé tí wọ́n béèrè pé, "Ta ni iná kàn lónìí?", ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fò bọ́ sílẹ̀ látorí pákó lo dáhùn pé, "Èmi ni, sà." Irun àgbàdo ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ó ku oṣù mẹ́fà péré kí àwa méjèèjì jọ gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ sí ọ níṣojú gbogbo àdúgbò, pé ọwọ́ rẹ kò ní di ìfági mú mọ́, mo sì dákẹ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ kejì ní gáréèjì, nígbà tí mo sìn ọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ. O ní, "Oyèwálé, mo rò pé mo da omi sí i." O ń wò mí, o fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Bóyá omi náà kò tó ni." Ọmọ ènìyàn ni mí, mo sì lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sójú ọ̀rẹ́ mi. O mi orí, o wọkọ̀. Títí di òní, o kò kan pákó mọ́.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù tèmi nínú oṣù Kìn-ín-ní. Mo wọ funfun, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n yìn mí pé ọmọ tó ṣeé fọkàn tán ni mí. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, wá láti Òkúkù pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì kan, wọ́n ní torí pé ọ̀rẹ́ ọmọ àwọn ni mí. Mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tó o bá wá sílé, ọ̀nà Ọ̀fà lo máa ń gbà wọ Òkúkù, o máa ń wá kí mi ní Inísà, ibẹ̀ lo sì ti máa ń yí pa dà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, o kò tẹ Ìkìrun. Èmi a sì máa bá ọ jókòó, a ó máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá Motọ́láyọ̀ sọ fún Àpèkẹ́ nígbà kan, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa ń da omi sí ààrò kó o tó lè sùn, pé wọ́n á ti tì ọ́ wọlé, wàá tún jáde lọ fọwọ́ kan eérú. Àpèkẹ́ sọ ọ́ fún mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo kúrò nídìí oúnjẹ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi pẹ́ ju ogún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dárúkọ rẹ yẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó irinṣẹ́ wọn, àwọn ìyá àgbà àdúgbò náà yọ dé, wọ́n ní ta ló fi kòtò òkú tó ya ẹnu sílẹ̀ láìsí nǹkan nínú rẹ̀? Lóòótọ́, Adétóun ti ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè kan fún fíìmù. Wọ́n ní sàréè tí a bá gbẹ́ kì í pa ẹnu dé lásán, àfi kí wọ́n wá ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sin síbẹ̀. Wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí mi, wọ́n dé e ní fìlà tí mo fi ṣeré, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Pákó dídára tí mo rà lówó gọbọi! Mo dúró létí kòtò, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ lé fìlà náà. Mo ní nínú ara mi pé, Oyèwálé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ gan-an máa wà níbẹ̀, tí Màmá Keziah mìíràn á sì bi ọ́ pé ẹrù ta lo rù.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àpèkẹ́. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá, ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ pé eyín ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ àgbàdo sísun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ máa lọ sí Ìkìrun lọ́la. Bẹ́ ẹ bá pa dà wá láì sọ ọ́, ẹ kúkú máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí. Torí tìrẹ ló ṣe ń bínú sí mi.

Ọ̀gá wa ṣì wà láyé, o mọ̀. Bàbá Ògúnfúnmi ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Dúródọlá ọmọ wọn ló ń darí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ṣùgbọ́n àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú wọn ti rẹ̀, síbẹ̀ bí o bá gbé pákó kọjá, òórùn ni wọ́n á fi dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo dojú bolẹ̀.

Bàbá wá ní, "Àgbàdo mélòó?"

Mo ní, "Méjì, sà."

"Ó dùn?"

"Mi ò jẹ ẹ́, sà. Ó jóná."

Fáká, Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn, Dúródọlá rẹ́rìn-ín, èmi náà tí mo dojú bolẹ̀ fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i pé ẹkún ni Bàbá ń sun. Wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ẹnu mi lé lọ. Ó dá mi lóhùn tòótọ́tòótọ́, mo sì ṣépè lé e." Wọ́n ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé mi ò lè kó o mọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣa èèpo rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ọmọ yẹn kí n tó lọ."

Nígbà náà ni wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Oyèwálé, fírídọ̀ọ̀mù tí mo ṣe fún ọ, mo gbà á pa dà. Irọ́ lo fi gbà á. Láti òní lọ, o ti di ọmọ iṣẹ́ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí aago méje bá ọ níbí, kí o gbálẹ̀. Ọjọ́ tí Fákáyọ̀dé bá wá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ náà ni màá dá tìrẹ pa dà. Ẹ jọ wọlé ni, ẹ máa jọ jáde."

O rí ìdí tí ẹ̀yìn fi ń dùn mí báyìí. Èmi alága ẹgbẹ́ káfíńtà Inísà, ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ń gbá èérún pákó ní Ìkìrun. Dúródọlá tí mo gbé pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ á rora wá sọ́dọ̀ mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Bàbá ní ẹ ò gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn dáadáa." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti gbọ́, méjì nínú wọn wá wò mí bí ẹni wo ìran. Mi ò bínú. Ká sòótọ́, ara mi fúyẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe rí lórí àga alága lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá gbé lé mi lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbá ni mo fẹ́ sọ fún ọ gbẹ̀yìn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú irin kan jáde nínú àkísà. Abẹ ìfági rẹ ni, èyí tó o fi ìṣó ha orúkọ rẹ sí lára. Igi rẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà, irin kò jóná. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ nù nígbà tí inú ń bí wọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n ní kí n gbẹ́ igi tuntun fún un. Igi apá ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo pọ́n irin náà títí tó fi lè fá irun. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú Bàbá báyìí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ohun tó mú kí n kọ̀wé ní kánmọ́ nìyí. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, wọ́n máa fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn ìlú ní Òkúkù. Adétóun ní ibi tí mo ti dárúkọ rẹ ló dára jù, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé orúkọ olórúkọ ni. Ó ní bí o bá ní kóun gé e kúrò, òun á gé e. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ láàárín èrò, tàbí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó yẹ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ lọ́dún tí iná náà jó. Mo jí òtítọ́ náà gbé lọ́wọ́ rẹ, mo sì wá dá a pa dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́.

Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o kò bá ní gbé fóònù mi mọ́, màá mọ̀ pé ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í sì í ṣe nítorí tèmi. Bàbá ti dàgbà. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé o ti kọ̀wé sí i?" Wọ́n fẹ́ fi omi tútù sẹ́nu, kí wọ́n fi ẹnu náà ká ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí rẹ, kí wọ́n sì gbé ìfági lé ọ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ṣe é lórí fóònù. Nígbà tó o bá ń bọ̀, tó o bá kọjá Òkúkù tó o dé Inísà, má yà sọ́dọ̀ mi. Má tilẹ̀ kí mi bí inú rẹ kò bá fẹ́. Máa lọ tààrà. Jẹ́ kí mọ́tò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó gbé ọ dé Ìkìrun. Mo kàn fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n rí i pé ó kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, jẹ́ kí n dánu dúró níbí. Àpèkẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní òun wà lẹ́yìn rẹ. Ayọ̀dàmọ́lá àtìyàwó rẹ̀ ń kí ọ. Bá mi kí Ìyá Motọ́láyọ̀ àti àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná jó ọ nílé, kí oòrùn má pa ọ́ lọ́nà. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe rọ. Kí ìrìn àjò rẹ dára láti Mìnà dé ibi tí ọkàn rẹ bá ní kí o dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí a ò sì tíì gba fírídọ̀ọ̀mù,

Oyèwálé.

Àfikún: Mo kan àpótí irinṣẹ́ kan fún ọ, ó wà ní Ìkìrun lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí mo máa ń gbá. Kí ẹ̀rù má bà ọ́, pákó pósí kọ́, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbé ìyẹn lọ. Èyí tó kù ni pé, tó o bá ka ìwé yìí tán, tí wọ́n bá sì se oúnjẹ alẹ́ tán, lọ sídìí ààrò bó o ṣe máa ń lọ. Da omi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wọlé lọ sùn. Iná tó o pa níjọ́ yẹn, ó kú. Ojú mi ló ṣe. Omi náà tó, Fáká. Omi náà tó.